Ìbọn elẹ́nu méjì àlòkù: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Àgbẹ̀ Ọmí-Àdìó (Ọjọ́ Ajé, 7:15 òwúrọ̀)

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀yà ti sọ oko mi di ilé oúnjẹ. Ilẹ̀ tí mo gbin àgbàdo sí ní òdìkejì odò, ìdajì èrè rẹ̀ ni mo rí kó lọ́dún tó kọjá. Ìwé àṣẹ ìbọn tí mo ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́ ti jáde báyìí, ó sì ku kí n wá ìbọn tó yẹ. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tí ó sì fẹ́ ta dọ́bù rẹ̀, ìbọn elẹ́nu méjì tí ọ̀pá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tí wọ́n ṣe ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé àṣẹ tirẹ̀ pé, kò sí ohun ìkọ̀kọ̀ kankan níbẹ̀.

Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Dúdú ara rẹ̀ ti ṣí ní ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú, igi ìdí rẹ̀ sì ti dúdú bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á lára. Bàbá ní òun kò yìn ín láti bí ọdún mẹ́wàá. Mo mọ bí a ti ń yan ọ̀kadà àlòkù àti ẹ̀rọ ìfami àlòkù, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti ń yan ìbọn. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni kí ojú mi wá, kí sì ni kí ọwọ́ mi ṣe?

Ọdẹ Akínyẹlé (Ọjọ́ Ajé, 8:02 òwúrọ̀)

Àbúrò, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọ̀yà. Ọ̀nà tí bàbá tó kọ́ mi ní ọdẹ fi hàn mí kò gùn rárá. Ẹ di ìdí ìbọn mú, kí ẹ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yín. Èyí tí kò bá dún ni kí ẹ rà; èyí tí ó bá ń dún kòrò-kòrò bí ọmọ ayò nínú ọpọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọjú wo inú ọ̀pá lójú oòrùn: bí ó bá ń dán bíi dígí, ẹ sanwó, bí ó bá ṣú, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ní tèmi, dúdú tí ẹ ní ó ti ṣí yẹn kò tù mí lára. Ìbọn tí olówó rẹ̀ bá tọ́jú, awọ rẹ̀ kì í bó.

Bàbá Amúbọnṣe (Ọjọ́ Ajé, 12:40 ọ̀sán)

Ẹ kú ọjọ́ gbogbo. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìbọn ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n máa sọ èyí tó ṣì yẹ lọ́wọ́ èèyàn àti èyí tó yẹ kí a kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun kan wà tó ṣáájú gbígbọ̀n. Bí wọ́n bá ti gbé ìbọn náà lé ọ lọ́wọ́, dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ níbi tí kò sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣí i, wo ilé ọta méjèèjì, kí o sì ki ìka bọ̀ wọ́n, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ fi Ògún búra pé kò sí nǹkan nínú wọn. Ọdún mẹ́wàá tí ìbọn fi wà ní kọ̀rọ̀ kò ní kí ọta inú rẹ̀ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì yọjú wo ọ̀pá láti ẹnu nígbà tí ìbọn ṣì wà ní pípadé, kí ó má fi í kún ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọdẹ, mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ́ yín, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n yẹn ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Igi tí ó wà níwájú, tí ọwọ́ òsì máa ń gbé, kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Irin alágbára kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń ti ọ̀pá mọ́ ara ìbọn pinpin, nítorí náà ìbọn tí ìdè rẹ̀ ti jẹ tán lè dákẹ́ bí ẹni tó sùn níwọ̀n ìgbà tí igi yẹn bá wà níbẹ̀. Yọ igi iwájú ná, tún ìbọn pa dé láìsí i, kí o wá di ọ̀pá mú lọ́wọ́ kan, kí o di ìdí mú lọ́wọ́ kejì, kí o sì rọra mì wọ́n sọ́tùn-ún sósì àti sókè sódò. Ibẹ̀ ni òtítọ́ wà. Lẹ́yìn náà gbé e sókè sí ojú fèrèsé, kí o wo ibi tí ìdí ọ̀pá ti kan ògiri irin tí ó ń ti ọta lẹ́yìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàrin wọn, ọ̀pá ti ń sún síwájú kúrò lára ìbọn, àárẹ̀ tó wọ́n láti tún ṣe sì ni.

Ọwọ́ ìṣíbọn tí àtàǹpàkò ń tì sọ́tùn-ún náà ń sọ̀rọ̀. Lára ìbọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ṣe dáadáa, nígbà tí ó ṣì tuntun, tí a bá pa á dé, ọwọ́ náà kì í dé àárín gan-an. Apá ọ̀tún díẹ̀ ni ó máa ń dúró sí. Bí irin tí ó ń dè é bá ti ń jẹ, ó ń sún sí àárín. Bí o bá rí i tí ó ti kọjá sápá òsì, ìbọn náà ti ṣe iṣẹ́ bàbá àti ti ọmọ.

Ní ti dúdú ara tí ó ṣí, awọ ni, kì í ṣe eegun. Ọwọ́ tí ó ń làágùn ló bó o, ìyẹn sì fi hàn pé wọ́n ń gbé e lọ oko. Èyí tí mo máa ń bẹ̀rù ni ìbọn ogbó tí ó dúdú kirikiri bí ẹni pé àná ni wọ́n kó o wọlé. Wo etí àwọn lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára irin: bí etí wọn bá ti yọ̀, tí igun irin kò sì mú mọ́, ẹnìkan ti fi bébà olóríyanrìn ha á kí ó tó tún un pa láró. Bí o bá sì rí dúdú nínú ihò ìpẹtà fúnra rẹ̀, ìpẹtà ló ṣáájú aró.

Lórí inú ọ̀pá tí ó ń dán bíi dígí, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Àgbẹ̀ lọ wò ó ná.

Káfíńtà Ọ̀jẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 4:25 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n bá igi wí tèmi. Ìdí tí ó dúdú tí ẹ sọ yẹn, epo ẹ̀rọ ni. Ọ̀pọ̀ ló ń da òróró sínú ìbọn bí ẹni ń da epo sọ́bẹ̀, tí wọn yóò sì gbé e dúró, ẹnu sókè. Epo náà yóò ṣàn wá sínú orí igi, ibi tí igi ti wọ inú irin. Igi tí epo bá ti rin máa ń rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ́ ní ìdí irin. Bí ó bá ṣe ihò, tàbí tí epo bá yọ, ẹ mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá ń yìn ín, irin yóò máa ti igi náà lẹ́yìn, yóò sì là á. Ibi tí ó máa ń là sí ni ẹ̀yìn irin méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ọrùn tí ọwọ́ ọ̀tún ń dì mú. Ẹ rọra fún ọrùn náà bí ẹni ń fún aṣọ. Ojú lílà tí ẹ̀ ń rò pé ilà igi ni yóò la ẹnu. Èyí tí wọ́n bá ti lẹ̀ dáadáa kò burú. Èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn, ẹ má wulẹ̀ bá mi sọ ọ́.

Ọmọ Bẹẹ̀rẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 òwúrọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mo ya ìjíròrò díẹ̀. Nínú àpótí bàbá bàbá mi tó di olóògbé, a rí ìbọn ìléwọ́ kan, irú èyí tí agolo ọta rẹ̀ ń yí. Ṣé ọ̀nà kan náà ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ṣì dára? Ẹnìkan ti ní òun fẹ́ rà á.

Agbẹjọ́rò Ìyágànkú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 òwúrọ̀)

Ẹ má tà á, ẹ má rà á, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Dọ́bù tí Àgbẹ̀ ń wá wà ní apá kejì, tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ lé lórí. Ṣakabùlà wà ní apá kẹta. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́, ìbáà jẹ́ èyí tí agolo rẹ̀ ń yí tàbí irú mìíràn, apá kìíní ni ó wà pẹ̀lú àwọn ìbọn tí a kà léèwọ̀, tí kò sí ẹni tó lè ní wọn lọ́wọ́ àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Pé ogún ni kò yí i padà. Ẹ wá agbẹjọ́rò kan kí ẹ tó gbé e kúrò níbi tó wà, kí ó kọ̀wé sí ọlọ́pàá, kí ó sì bá yín fi í lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé tí ẹ ó fi pamọ́. Ẹni tó ní òun fẹ́ rà á yẹn, ẹ jìnnà sí i.

Bàbá Amúbọnṣe (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ Agbẹjọ́rò ni kí o tẹ̀lé, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ dáhùn ìbéèrè rẹ nítorí pé ìyàtọ̀ rẹ̀ lè la Àgbẹ̀ lójú. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń yẹ ìbọn ìléwọ́ wò. Nínú rẹ̀, ilé ọta kò sí lára ọ̀pá, ó ń yí ni, nítorí náà ohun tí a kọ́kọ́ ń wò, nígbà tí ó bá ti ṣófo, ni bóyá agolo náà ń dúró gbọn-in ní ojú ọ̀pá gan-an nígbà tí òòlù bá ti fà sẹ́yìn tán, fún ilé ọta kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀kan lè pé kí èkejì má pé. Àlàfo tí ó wà láàrin agolo àti ìdí ọ̀pá kì í ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá mílímítà kan sí ìdá márùn-ún rẹ̀ lọ. A ń fi irin pẹlẹbẹ tí àwọn mẹ́káníìkì fi ń wọn ojú pílọ́ọ̀gì wọ̀n ọ́n. A sì ń ti agolo náà síwájú sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ó ń rìn. Nínú dọ́bù, ọta àti ọ̀pá kò lè ṣìnà fún ara wọn. Ìdè àti inú ọ̀pá ló kù tí ó lè da olówó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà síbẹ̀.

Àgbẹ̀, bí o bá ti ṣí i, tí o ti yọ ọ̀pá kúrò pátápátá, fi ẹnu ọ̀pá kan ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun, kí o wò ó láti ìdí. Wà á rí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣe òrùka-òrùka lọ dé ẹnu. Níbi tí ọ̀pá bá ti tẹ̀ wọnú, òrùka yóò já. Níbi tí ó bá ti wú, òrùka dúdú kan yóò dá dúró. Èyí tó wú ló burú jù. Ẹrẹ̀ tàbí ewé tó dí ẹnu ọ̀pá nígbà tí wọ́n yìn ín ló máa ń fà á, irin tí ó bá sì ti nà kò ní padà sí bó ṣe wà. Fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá há ọ̀pá náà láàrin, kí o fà wọ́n láti ìdí dé ẹnu pẹ̀lú ojú dídì. Ìka gbọ́n ju ojú lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Wo ẹnu ọ̀pá méjèèjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ kan ara wọn tàbí kí irin tó so wọ́n pọ̀ kún àárín wọn títí dé etí. Bí ihò òfìfo bá wà láàrin ẹnu méjèèjì, wọ́n ti gé e kúrú. Lẹ́yìn náà fi ìkọ́ irin tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá gbé e kọ́ ìka kan, kí o fi eegun ìka kejì kàn án. Ó gbọ́dọ̀ dún bí agogo, kí ohùn rẹ̀ sì pẹ́ kó tó kú. Bí ó bá ń kùn bí oyin nínú agolo, òjé tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ti jì níbì kan, omi òjò ti ń wọ ibẹ̀ láti ìgbà yìí.

Ìfàbọn ńkọ́? Má fà á lásán lórí ilé ọta tó ṣófo, abẹ́rẹ́ tó ń lu ìdí ọta lè kán. Mú ọta òfìfo méjì dání, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìdánwò. Fi wọ́n sí i, pa á dé, ṣí ìdènà rẹ̀, kí o sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìdí ìbọn pẹ̀lú agbára. Òòlù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ já. Bí ó bá já, gbé e padà fún Bàbá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o máa lọ sílé.

Agbẹjọ́rò Ìyágànkú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán)

Nọ́ńbà ìbọn náà wà níbi mẹ́ta: lára ọ̀pá, lára irin ìdí, àti nínú igi iwájú. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn mu, kí wọ́n sì bá ti inú ìwé àṣẹ Bàbá mu. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ìbọn méjì ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní pin sí ti ìpẹtà nìkan.

Àgbẹ̀ Ọmí-Àdìó (Ọjọ́bọ̀, 8:50 alẹ́)

Mo ti dé o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, nítorí ọjà tí ǹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ná, wákàtí méjì ló gbà mí, Bàbá náà sì ń rẹ́rìn-ín pé ṣé ìyàwó ni mo wá fẹ́ ni.

Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara mu. Mo yọ igi iwájú, mo mì ín, kò mì. Ìmọ́lẹ̀ kò yọ lójú fèrèsé. Ọwọ́ ìṣíbọn wà ní àárín gan-an. Igi ọrùn kò là, ṣùgbọ́n èékánná mi wọlé díẹ̀ ní ẹ̀yìn irin ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí Káfíńtà ti wí. Ọ̀pá náà dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu méjèèjì kan ara wọn, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 28. Òòlù kò já nígbà tí mo lu ìdí rẹ̀. Nísàlẹ̀ ọ̀pá, mo rí adé kan tí wọ́n tẹ BNP sábẹ́ rẹ̀, àti .729, àti 2½".

Inú ọ̀pá ni mo fẹ́ bi yín. Ti ọ̀tún ní eérú-eérú kan lára láti nǹkan bí àárín lọ sí ẹnu, bí ojú dígí tí èémí bò. Ihò wẹ́wẹ́ mélòó kan wà níbẹ̀. Ti òsì ń dán gbinrin, kò sí àbàwọ́n kan. Òrùka ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbì kan ó dà bí ẹni pé ó ń gbọ̀n díẹ̀ bí omi. Ǹjẹ́ ti ọ̀tún yẹn kò ní fa ìjàǹbá? Bàbá ní òun máa fi agolo ọta kan ṣe èènì fún mi, pupa pọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n tín-ín-rín díẹ̀.

Ọdẹ Akínyẹlé (Ọjọ́bọ̀, 9:15 alẹ́)

Bí òsì bá ń dán bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ìbọn. Ẹ fi okùn àti aṣọ fọ ti ọ̀tún dáadáa, kí ẹ sì ná owó rẹ̀ wálẹ̀ nítorí rẹ̀.

Bàbá Amúbọnṣe (Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 òwúrọ̀)

N kò sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ti òsì ni ó ń kọ mí lóminú.

Ọ̀pá méjèèjì jọ yìnbọn, wọ́n jọ mu èéfín kan náà, wọ́n jọ wà ní kọ̀rọ̀ kan náà ní ìgbà òjò Ìbàdàn fún ọdún mẹ́wàá. Báwo ni ọ̀kan ṣe máa ní eérú, tí èkejì yóò máa dán bí ìgbà tí wọ́n bí i? Ìpẹtà kì í ṣe ojúsàájú tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ti wọ inú ọ̀pá òsì yẹn lọ pẹ̀lú yanrìn àti ọ̀pá ìfọ̀, ó ti ha ihò ìpẹtà títí ó fi dé ìdí ihò tó jìn jù, ibi tí ìmọ́lẹ̀ sì ti ń gbọ̀n bí omi yẹn ni ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti dọ́gba. Irin tí ó ha kúrò kì í padà wá, ògiri ọ̀pá ti tín-ín-rín ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà ní ọ̀tún, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹnu, tí kò sì jìn, ìpẹtà olóòótọ́ nìyẹn. Ibi tí agbára ọta ti pọ̀ jù ni ìdí ọ̀pá, bí ihò náà bá wà níbẹ̀ ni n kì bá ti gbà á.

Àmì tí o kà yẹn ni yóò bá wa sọ òótọ́. Ilé ìdánwò ìbọn ti Birmingham wà láti ọdún 1813. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ọta tó le ju ti ọjà lọ dán ọ̀pá wò kí wọ́n tó tẹ èdìdì adé lé e. Lábẹ́ òfin wọn ti ọdún 1954, wọ́n ń kọ fífẹ̀ inú ọ̀pá sára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lọ́jọ́ ìdánwò. .729 ti ínṣì jẹ́ mílímítà 18.52. Ínṣì mẹ́sàn-án láti ìdí, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 23, ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ti fẹ̀ ju ti àkọsílẹ̀ lọ ní ìdá ọgọ́rùn-ún kan ínṣì, tí ó ti kọjá 18.77, èdìdì yẹn kò dúró fún un mọ́.

Ní ti èènì, bẹ Bàbá kó gbà á padà. 2½" ni gígùn ilé ọta ìbọn náà, mílímítà 65. Ọ̀pọ̀ ọta òde òní jẹ́ 70. Wọ́n á wọlé wọ̀ọ̀, nítorí ẹnu wọn ká wọlé kí a tó yìn wọ́n, ìgbà tí a bá yìn wọ́n ni ẹnu náà yóò tú sílẹ̀ tí kò ní rí ibi nà sí, agbára inú ọ̀pá yóò sì ga ju bó ti yẹ lọ. Àwọn aláwọ̀ ìyeyè tín-ín-rín yẹn ló burú jù. Ọta ìbọn 20 ni wọ́n, nọ́ńbà 12 sì ni ìbọn Bàbá; bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni ọ̀pá àti ọta ń tín-ín-rín sí. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì ki ọ̀kan bọ̀ ọ́, yóò yọ̀ kọjá ilé ọta lọ há sínú ọ̀pá. Onítọ̀hún yóò wò ó, yóò rí òfìfo, yóò sì ki ọta 12 tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nítorí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọta 20 ní àwọ̀ ìyeyè.

Onílééètì Ògúnpa (Ọjọ́ Ẹtì, 7:45 òwúrọ̀)

Bàbá, ẹ kú òye. N kì í ṣe oníbọn, ẹ̀rọ ìtọ́rin ni mo ní, sílíńdà ẹ́ńjìnnì ni mo sì ń lù lójoojúmọ́. Bí ọkọ̀ bá ti jẹ sílíńdà, a kì í fi dídán mọ̀ ọ́n, ìwọ̀n ni. Mo lè tọ́ bàbà róbótó márùn-ún, 18.5, 18.6, 18.7, 18.8 àti 18.9, kí n dè wọ́n mọ́ ọ̀pá igi gígùn. A ó máa tì wọ́n wọlé láti ìdí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kọjá tán àti èyí tó bá kọ̀ láti wọlé ni yóò sọ fífẹ̀ rẹ̀ fún wa. Bàbà kò ní ha irin. Ṣùgbọ́n kí ìbọn náà má kúrò nílé ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀ o. Èmi ni n ó wá síbẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ìyágànkú (Ọjọ́ Ẹtì, 7:58 òwúrọ̀)

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ìyẹn kí n tó sọ ọ́.

Onílééètì Ògúnpa (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:20 ọ̀sán)

A ti ti ọ̀dọ̀ Bàbá dé. Lọ́wọ́ ọ̀tún, 18.5 kọjá dé ibi tí ọ̀pá ti fún ní ẹnu, 18.6 kò tilẹ̀ kọjá ẹnu ilé ọta. Lọ́wọ́ òsì, 18.6 lọ, 18.7 lọ, 18.8 náà lọ bí ẹni ń lọ ọjà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu kó tó dúró. 18.9 ló kọ̀, ìyẹn ni pé òsì ti kọjá 18.77 tí Bàbá Amúbọnṣe sọ. Ìgbà tí mo fa ti 18.7 rìn síwá-sẹ́yìn, mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé inú ibẹ̀ kò dọ́gba: ó ń fẹ̀, ó ń fún.

Àgbẹ̀ Ọmí-Àdìó (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:55 ọ̀sán)

Nígbà tí a sọ fún Bàbá, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá rántí pé láyé ọjọ́un, òun fi ìbọn náà fún oníṣẹ́ kan pé kó bá òun “fọ ọ̀pá òsì,” nítorí ó ti dógùn-ún lẹ́yìn òjò kan tó pa òun lóko. Ọkùnrin náà gbé e padà wá ní dídán, òun sì fún un lówó ju èyí tí wọ́n jọ sọ lọ nítorí inú òun dùn. Bàbá kò mọ̀ rárá, mo sì gbà á gbọ́. Ó ní òun yóò dín owó rẹ̀ kù sí ìdajì.

Ìbéèrè tí ó kù mí kù rèé. Bí mo bá rà á ní ìdajì owó, tí mo sì ń yin ti ọ̀tún nìkan, pẹ̀lú ọta 65, ǹjẹ́ ó burú?

Ọdẹ Akínyẹlé (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbà pé mo ṣìnà lórí dídán, Bàbá. Mo ti ń yọjú wo tèmi láti àárọ̀, ara mi kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìbéèrè Àgbẹ̀ yìí, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni ọ̀pọ̀ wa fi dàgbà. Kó yin ọ̀tún, kó fi òsì sílẹ̀.

Bàbá Amúbọnṣe (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:00 alẹ́)

Ọdẹ, ẹ wo inú oko lálẹ́. Ọ̀yà méjì yọ, Àgbẹ̀ yin ọ̀kan, èkejì sá kọjá lójú rẹ̀. Ìfàbọn kejì wà lábẹ́ ìka rẹ̀ gan-an. Ta ni yóò rántí lákòókò yẹn pé òsì kò dára? Bí ó bá tilẹ̀ rántí fún ọdún mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìbọn tí a ó máa fi àlàyé tẹ̀ lé kiri kì í ṣe ìbọn oko. Ọ̀nà tó mọ́ wà, ìyẹn ni kí wọ́n gé ọ̀pá náà nítòsí ìdí, kí wọ́n ki ọ̀pá tuntun bọ inú ìdí tó kù, kí wọ́n sì tún un dán wò, kí wọ́n tẹ èdìdì tuntun lé e. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òkè òkun nìyẹn, owó rẹ̀ yóò sì ju ti ìbọn náà lọ.

Sọ fún Bàbá pé kí òun fúnra rẹ̀ má tún yìn ín mọ́, kó sì má tà á fún ẹlòmíràn láìsọ ohun tí Onílééètì rí.

Àgbẹ̀ Ọmí-Àdìó (Ọjọ́ Àìkú, 2:30 ọ̀sán)

Mo ti lọ sọ fún un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun yóò dá a padà fún ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kí òun má baà kú fi ẹrù sílẹ̀ fún ọmọ. Mo bá a gbé agolo ọta náà sókè sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé títí ọjọ́ tí yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n n kò sanwó.

Ọ̀rẹ́ kan ti júwe Baikal kan fún mi ní Ìdó, ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lọ́wọ́ ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Ó ní ilé ọta rẹ̀ jẹ́ 70, pé wọ́n fi króòmù bo inú ọ̀pá rẹ̀.

Bàbá Amúbọnṣe (Ọjọ́ Àìkú, 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ìbọn tí kò lẹ́wà, tí ó sì lágbára. Króòmù le láti ha, nítorí náà dídán tirẹ̀ kò mú ìfura wá tó ti ìbọn àná. Ohun tí wà á wá ni ibi tí ó ti bó bí ọ̀dà ògiri, pàápàá níwájú ilé ọta, nítorí ìpẹtà máa ń wọ abẹ́ ibẹ̀ lọ. Yọ igi iwájú kí o tó mì ín.

Onílééètì Ògúnpa (Ọjọ́ Àìkú, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Bàbà márààrún ṣì wà nínú àpò mi. Ẹ bá mi sọ fún ẹni náà pé a ó dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kó sì jẹ́ kí ìwé rẹ̀ wà nítòsí.